Pírójẹ́ẹ̀tì lórí ewéko, ẹranko tàbí àrùn: Ohun tí ilé ìkàwé fásitì lè ṣe fún yín, àti ibi tí ẹ ti lè ka iṣẹ́ ìwádìí láìsan kọ́bọ̀

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri. Ó tẹ orúkọ ẹ̀fọn náà sórí Google, ó rí pépà kan tó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Ó ṣí i, ó ka ìpínrọ̀ kan péré, ilẹ̀kùn bá tì. Wọ́n ní kó san 30 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó lè ka ìyókù. Ó ṣí òmíràn, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Nígbà tí yóò fi di alẹ́, dátà ti tán, iná ti lọ, kò sì tíì rí pépà kan ṣoṣo kà délẹ̀.

Ohun tó ń dunni níbẹ̀ ni pé, lọ́pọ̀ ìgbà, pépà yẹn wà lọ́fẹ̀ẹ́ níbòmíràn, tàbí kó jẹ́ pé ilé ìkàwé fásitì akẹ́kọ̀ọ́ náà gan-an ló ní kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí i. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ni. Bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àlàyé yìí wà fún àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí: ewéko, ẹranko, ẹja, kòkòrò àìfojúrí, àrùn àti àbùdá. Ó wà fún àwọn olùkọ́ wọn náà, àti òbí tó ń sanwó pírójẹ́ẹ̀tì tí kò mọ ibi tí owó ń gbà lọ.

KÍ LÓ DÉ TÍ WỌ́N Ń GBOWÓ LÓRÍ PÉPÀ?

Jọ́nà ni ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fi ń gbé àbájáde ìwádìí wọn síta. Kí wọ́n tó tẹ iṣẹ́ kan jáde níbẹ̀, àwọn onímọ̀ mìíràn tó wà nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan náà gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á tọ́ka sí àṣìṣe, wọ́n lè ní kí ẹni tó kọ ọ́ lọ tún un ṣe, wọ́n sì lè dá a padà pátápátá.

Láyé àtijọ́, ilé ìkàwé ló máa ń sanwó àsansílẹ̀ lọ́dọọdún kí jọ́nà lè máa wọlé láti òkè òkun. Nígbà tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, tí owó dọ́là ń gòkè, apá ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé ní Nàìjíríà kò ká a mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè bá jọ́nà kan lórí pẹpẹ tó pé pérépéré láti ọdún pípẹ́, tó sì kàn dá wáí lójijì. Kì í ṣe pé jọ́nà náà kú, owó ló tán.

Ọ̀nà kejì ni pé kí ẹni tó ń kà má san nǹkan kan rárá. Ní 2002, àwọn onímọ̀ kan gbé ìkéde kan jáde tí wọ́n fi orúkọ ìlú Budapest pè, wọ́n ní ó yẹ kí iṣẹ́ ìwádìí wà ní gbangba lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ní 2003, jọ́nà PLoS Biology bẹ̀rẹ̀ lórí ìlànà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ sanwó iṣẹ́, nítorí náà ọ̀pọ̀ jọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó kọ pépà dípò ẹni tó fẹ́ kà á. Owó náà lè pọ̀. Nígbà tí jọ́nà Nature kéde tirẹ̀ ní 2020, 9,500 owó yúrò ni wọ́n dá lé pépà kan. Ọ̀rọ̀ owó yìí yóò tún jáde nísàlẹ̀, torí àdínkù wà fún ẹni tó bá mọ̀ pé òun lè béèrè.

OHUN TÓ WÀ NÍNÚ ILÉ ÌKÀWÉ GAN-AN

Àwọn kan rò pé ilé ìkàwé kò wúlò mọ́ nígbà tí fóònù ti wà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo Fásitì Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì lábẹ́ Fásitì Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ Kenneth Onwuka Dike ni ilé ìkàwé ibẹ̀ ń jẹ́, ìyẹn òpìtàn tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí fásitì náà. Láti 1950 ni òfin ti ní kí àwọn tó ń tẹ ìwé máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ síbẹ̀. Èyí ló fà á tí ìròyìn ìjọba nípa igbó, oko, àrùn àti ẹran ọ̀sìn láti ayé òyìnbó fi wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí di òní.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ilé ìkàwé Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń jẹ́ orúkọ Hezekiah Olúwásanmí, tó jẹ́ gíwá fásitì náà láti 1966 sí 1975. Ní Abẹ́òkúta, fásitì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1988 sọ tirẹ̀ ní orúkọ Nimbe Adédípè, gíwá rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní irú àwọn ilé ìkàwé báyìí, nǹkan mẹ́rin ló wà tí olùwádìí kò gbọ́dọ̀ fojú fò.

Àkọ́kọ́ ni tíísísì, ìyẹn iṣẹ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣáájú ṣe kí wọ́n tó gboyè. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìwádìí lórí odò kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tàbí lórí ẹja inú adágún kan lè rí i pé ẹnìkan ti wọn omi yẹn ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Iye tí onítọ̀hún kọ sílẹ̀ nígbà náà ni ẹni tòní yóò fi mọ̀ bóyá omi ti bàjẹ́ sí i tàbí kò bàjẹ́. Kò sí ẹ̀rọ tó lè padà lọ wọn omi àná.

Èkejì ni ìwé tí kì í ṣe jọ́nà: ìròyìn ilé iṣẹ́ ìjọba, ìwé ìpàdé àwọn onímọ̀, àti ìwé ńlá tí wọ́n fi ń dá ewéko mọ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Flora of West Tropical Africa tí Hutchinson àti Dalziel bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1927. Títí di òní, ẹni tó ń dá ewéko mọ̀ ní apá ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ṣì ń ṣí i.

Ẹ̀kẹta ni kọ̀ǹpútà àti wáyà íntánẹ́ẹ̀tì fásitì. Àwọn jọ́nà kan máa ń dá ẹ̀rọ tó wà nínú ọgbà fásitì mọ̀, wọ́n á sì ṣílẹ̀kùn láìbéèrè páswọ́ọ̀dù. Pépà tó tì mọ́ yín lójú nílé lè ṣí wẹ́rẹ́ tí ẹ bá jókòó sí ilé ìkàwé.

Ẹ̀kẹrin ni òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kọjá kó máa tẹ òǹtẹ̀ síwèé. Ó kàwé gboyè lórí bí a ṣe ń wá ìmọ̀ rí. Wákàtí kan pẹ̀lú rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ òfò. Ẹ ki bọ̀dá tàbí àǹtí tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì sọ àkòrí iṣẹ́ yín ní pàtó. “Mo ń wá nǹkan nípa ẹja” kò tó. “Mo ń wá iṣẹ́ lórí oúnjẹ àrọ̀ tí wọ́n ń sìn nínú táǹkì” ló máa jẹ́ kó mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

RESEARCH4LIFE: KỌ́KỌ́RỌ́ TÍ Ọ̀PỌ̀ KÒ MỌ̀ PÉ Ó WÀ LỌ́WỌ́ ÀWỌN

Ní 2002, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, bá àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tẹ jọ́nà sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Orúkọ ètò náà ni Hinari, ti ìmọ̀ ìlera sì ni. Ní 2003, àjọ FAO dá AGORA sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Ní 2006, OARE dé fún ọ̀rọ̀ àyíká. Lẹ́yìn náà ni ARDI dé fún ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ìdàgbàsókè, tí GOALI sì tẹ̀ lé e fún ìmọ̀ òfin. Gbogbo wọn ló para pọ̀ di ohun tí wọ́n ń pè ní Research4Life lónìí.

Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó lè jẹ àǹfààní rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni orílẹ̀-èdè Benin àti Togo.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ló ń forúkọ sílẹ̀. Fásitì, ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ ìwádìí ló ń forúkọ sílẹ̀, ilé ìkàwé rẹ̀ ló sì sábà máa ń tọ́jú orúkọ ìwọlé àti páswọ́ọ̀dù. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ilé ìkàwé rẹ̀ ni: “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a ní Research4Life? Báwo ni mo ṣe lè wọ ibẹ̀?” Tí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò sí, ìyẹn gan-an jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé lọ bá àwọn aláṣẹ.

Ìkìlọ̀ kan wà níbẹ̀ o. Ẹ má fi páswọ́ọ̀dù náà sórí WhatsApp tàbí Facebook. Tí ilé iṣẹ́ tó ni jọ́nà bá rí i pé ènìyàn káàkiri ayé ń fi páswọ́ọ̀dù fásitì kan wọlé, wọ́n lè ti gbogbo fásitì náà síta. Ẹnìkan á wá ṣe é, ìyà rẹ̀ á kan gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́.

ÀWỌN ILẸ̀KÙN TÍ KÒ NÍ KỌ́KỌ́RỌ́ RÁRÁ

Àwọn ibòmíràn wà tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀ láìjẹ́ ọmọ fásitì.

PubMed: Àtòjọ iṣẹ́ ìwádìí nípa ìlera àti ohun abẹ̀mí ni. Ilé ìkàwé ìjọba Amẹ́ríkà fún ìmọ̀ ìṣègùn ló ni ín. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1996, iṣẹ́ tó wà nínú àtòjọ rẹ̀ sì ti ju mílíọ̀nù 35 lọ. Ẹ rántí pé àtòjọ ni. Ó máa ń fi àkòrí àti àkótán hàn, kì í ṣe odindi pépà ní gbogbo ìgbà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ewé náà, ibi kan wà tí wọ́n kọ “Free full text” sí. Tí ẹ bá tẹ ibẹ̀, kìkì èyí tí ẹ lè kà tán lọ́fẹ̀ẹ́ ló máa kù.

PubMed Central: Orúkọ wọn jọra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Èyí bẹ̀rẹ̀ ní 2000, odindi pépà ló sì wà níbẹ̀, láti òkè délẹ̀.

AJOL: Ibi tí wọ́n kó àwọn jọ́nà ilẹ̀ Áfíríkà jọ sí ni. 1998 ló bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn olùwádìí Nàìjíríà tí wọn kò tẹ̀ lókè òkun pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí lórí ohun tó wà ní Ìbàdàn, Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin tí kò yẹ AJOL wò, ó ti fo ilé tirẹ̀ kó tó lọ máa kanlẹ̀kùn aládùúgbò.

DOAJ: Àtòjọ jọ́nà tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ni. Ní Fásitì Lund ní Sweden ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 2003. Ó tún wúlò fún nǹkan mìíràn tí ẹ máa kà nísàlẹ̀.

bioRxiv: Níbí ni àwọn onímọ̀ ti ń gbé iṣẹ́ wọn sí kí jọ́nà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2013. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ìròyìn tuntun máa ń tètè dé ibẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé ojú kejì kò tíì wò ó, nítorí náà ẹ fi ìṣọ́ra kà á, kí ẹ sì sọ ọ́ nínú iṣẹ́ yín pé jọ́nà kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò.

Unpaywall: Nǹkan kékeré kan ni tí ẹ máa so mọ́ Chrome tàbí Firefox. Tí ẹ bá dé orí pépà tó tì, á wá a kiri bóyá ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó bófin mu wà níbòmíràn.

Tí gbogbo èyí bá kùnà, ẹ kọ ímeèlì sí ẹni tó kọ pépà náà. Àdírẹ́sì rẹ̀ sábà máa ń wà lójú ewé àkọ́kọ́. Ẹ kí i, ẹ sọ fásitì yín àti ohun tí ẹ ń ṣe ní ìlà mẹ́rin péré. Ọ̀pọ̀ wọn ni inú wọn máa ń dùn pé ẹnìkan fẹ́ ka iṣẹ́ àwọn.

ORÚKỌ LÈ FI PÉPÀ PAMỌ́ FÚN YÍN

Nínú ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, orúkọ máa ń yí padà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú.

Ẹ wo ewúro. Ọ̀pọ̀ ìwé ló pè é ní Vernonia amygdalina. Àwọn onímọ̀ ewéko ti gbé e kúrò nínú ìsọ̀rí yẹn, wọ́n ń pè é ní Gymnanthemum amygdalinum báyìí. Ẹni tó bá fi orúkọ kan ṣoṣo wá a, ìdajì ló máa rí. Ẹja àrọ̀ náà ńkọ́? Clarias gariepinus ni orúkọ rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 1970 sí 1980 pè é ní Clarias lazera. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà náà kò yọ sílẹ̀. Ní 2013, àwọn onímọ̀ pín Anopheles gambiae sí méjì, wọ́n sì sọ èkejì ní Anopheles coluzzii. Nítorí náà, pépà kan láti 2005 tó ń sọ̀rọ̀ Anopheles gambiae lè máa sọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì pọ̀.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wá gbogbo orúkọ tí nǹkan náà ti ń jẹ́ rí. Fún ewéko, Plants of the World Online ti ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù á sọ ọ́. Fún ẹja, FishBase ni. Lẹ́yìn náà, ẹ fi OR so orúkọ méjèèjì pọ̀ nínú PubMed, kí ẹ fi AND so wọ́n mọ́ ohun tí ẹ ń wá. Báyìí ló máa rí: (Vernonia amygdalina OR Gymnanthemum amygdalinum) AND Nigeria. Lẹ́tà ńlá ni kí ẹ fi kọ AND àti OR.

ILÉ ÌKÀWÉ TÍ Ó JẸ́ EWÉ GBÍGBẸ

Ilé ìkàwé kan wà tí kò ní ìwé púpọ̀. Ewé gbígbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bébà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, ibi tí wọ́n ti já a, ọjọ́ tí wọ́n já a àti ẹni tó já a. Herbarium ni wọ́n ń pè é. Èyí tó lókìkí jù ní Nàìjíríà wà ní ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó, FRIN, ní Ìbàdàn. Ewé tó wà níbẹ̀ ju 100,000 lọ. Fásitì Ìbàdàn náà ní tirẹ̀.

Kí ni wàhálà ewé gbígbẹ? Ẹni tó bá ra àgbo tàbí egbò lọ́jà, tó gbé e lọ sí láàbù, tó sì sọ pé ó ń wo àìsàn kan, gbọ́dọ̀ lè fi hàn pé ewé tó sọ gan-an ló lò. Orúkọ Yorùbá kan lè jẹ́ ti ewé méjì, ewé kan sì lè ní orúkọ mẹ́ta láti Ìjẹ̀bú dé Èkìtì. Ìdí nìyẹn tí jọ́nà tó dáa fi máa ń béèrè nọ́ńbà ewé náà ní herbarium. Ẹ gbé ẹ̀ka rẹ̀ tó ní ewé, òdòdó tàbí èso lọ síbẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí ẹ bá dúró di ìgbà tí iṣẹ́ parí, ewé tí ẹ lọ̀ ti tán, kò sì sí ẹ̀rí mọ́.

Tí ẹ̀gbin irúgbìn ló bá jẹ́ tiyín, ẹ rántí pé IITA, tó wà ní Ìbàdàn láti 1967, ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú irúgbìn sí. Oríṣi ẹ̀wà tó wà níbẹ̀ nìkan ju 15,000 lọ. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, GBIF tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001 kó àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n ti rí ewéko àti ẹranko jọ láti gbogbo ayé, Biodiversity Heritage Library sì ya àwòrán ìwé àtijọ́ nípa wọn síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ Ẹ̀DẸ

Ìwé nìkan kọ́ ni olùwádìí ń kà lóde òní. Ó tún ń ka àbùdá. GenBank tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ni ibi tí àwọn onímọ̀ ń kó àkọsílẹ̀ DNA sí. Lójoojúmọ́ ló ń ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú irú rẹ̀ tó wà ní Yúróòpù àti Japan. Ẹni tó bá rí kòkòrò kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀ lè fi irinṣẹ́ tó ń jẹ́ BLAST ṣe àfiwé DNA rẹ̀ pẹ̀lú ti gbogbo ayé, láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2020. Ọkùnrin ará Ítálì kan wọ Nàìjíríà láti ilẹ̀ rẹ̀, àyẹ̀wò sì fi hàn pé ó ní àrùn Kòrónà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n kéde ní orílẹ̀-èdè yìí. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn onímọ̀ ní Fásitì Redeemer's ní Ẹ̀dẹ, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn, ti ka gbogbo àbùdá kòkòrò náà tán. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ilẹ̀ Áfíríkà ni. Wọn kò tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀. Wọ́n gbé e sórí GISAID kí gbogbo ayé rí i.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé àkójọ tí gbogbo ayé ń kà kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Ìlú Ẹ̀dẹ náà ń fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tó bá sì kọ́kọ́ fi nǹkan síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló máa wà lórí rẹ̀.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN JỌ́NÀ AYÉDÈRÚ

Nítorí pé olùkọ́ nílò pépà kó tó gba ìgbéga, àwọn oníjìbìtì ti sọ ọ́ dòwò. Wọ́n á kọ ímeèlì pé, “Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ọ̀wọ́n, ẹ fi iṣẹ́ yín ránṣẹ́, a ó tẹ̀ ẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta.” Wọ́n á gbowó, wọ́n á gbé e sórí ìkànnì, kò ní sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́jọ́ kan, ìkànnì náà á pòórá, pépà náà á bá a lọ. Jeffrey Beall, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé fásitì kan ní Colorado ní Amẹ́ríkà, ló sọ ọ̀rọ̀ wọn di ńlá nígbà tó ń kọ orúkọ wọn jáde. Ní 2017, àtòjọ rẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àwọn oníjìbìtì náà kò kúrò.

Àmì tí ẹ lè fi dá wọn mọ̀ rèé:
– Wọ́n ṣèlérí pé pépà á jáde láàárín ọjọ́ díẹ̀.
– Kò sí nínú DOAJ, àwọn àgbà ẹ̀ka yín kò sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.
– Jọ́nà kan ṣoṣo ń gba iṣẹ́ lórí ẹja, ẹ̀sìn, òfin àti kọ̀ǹpútà pọ̀.
– Wọn kò sọ iye owó wọn títí iṣẹ́ yín fi dé ọwọ́ wọn.
– Orúkọ rẹ̀ fara jọ ti jọ́nà ńlá kan, ó kàn fi ọ̀rọ̀ kan yàtọ̀.

Kí ẹ mọ̀ pé nọ́ńbà ISSN kì í ṣe ẹ̀rí pé jọ́nà dáa. Ìkànnì Think. Check. Submit. tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 ní ìbéèrè tí ẹ lè bi ara yín kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́. Ní ti jọ́nà gidi tó ń gbowó, ọ̀pọ̀ wọn ló ń yọ̀ǹda tàbí dín owó kù fún àwọn tó wá láti orílẹ̀-èdè Research4Life. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gba pépà yín ni kí ẹ ti béèrè. Tí wọ́n bá ti kọ ìwé owó, ó lè ti pẹ́ jù.

ÌRÒYÌN TÓ KÀN YÍN

NIH ti Amẹ́ríkà, tó ń fi owó ńlá ṣe ìwádìí ìlera, yí òfin rẹ̀ padà. Pépà èyíkéyìí tí wọ́n fi owó rẹ̀ ṣe, tí jọ́nà sì gbà láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2025, gbọ́dọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní PubMed Central lọ́jọ́ tí jọ́nà bá gbé e jáde. Tẹ́lẹ̀, ó lè tó ọdún kan kó tó débẹ̀.

Ní oṣù kẹta ọdún 2025, bioRxiv kúrò lábẹ́ Cold Spring Harbor, ó bọ́ sábẹ́ àjọ tuntun tí kì í ṣe fún èrè, openRxiv.

Ẹ̀rọ AlphaFold, tó ń sọ bí purotéènì ṣe rí, gba àwọn tó ṣe é lẹ́bùn Nobel ní 2024. Ó ju 200 mílíọ̀nù purotéènì lọ tó ti sọ bí wọ́n ṣe rí, wọ́n sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ rántí pé àsọtẹ́lẹ̀ ẹ̀rọ ni.

Nípa ChatGPT àti irú rẹ̀: ó lè kọ orúkọ pépà tí kò sí rárá, pẹ̀lú orúkọ ènìyàn àti ọdún tó jọ òótọ́. Ìtìjú ńlá ni kí olùdánwò wá pépà inú tíísísì kó má rí i. Èyí tí ẹ kò bá ṣí, tí ẹ kò kà, ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ LÈ ṢE LÁÀÁRÍN Ọ̀SẸ̀ YÌÍ

1. Ẹ lọ sí ilé ìkàwé fásitì yín, kí ẹ béèrè Research4Life àti ibi tí tíísísì ẹ̀ka yín wà.
2. Ẹ kọ gbogbo orúkọ tí ohun tí ẹ ń ṣèwádìí rẹ̀ ń jẹ́ sílẹ̀, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí.
3. Ẹ fi wọ́n wá nǹkan nínú PubMed, AJOL àti ilé ìkàwé yín, ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ wá a.
4. Ẹ gba Zotero sórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀fẹ́ ni, òun ló máa bá yín tọ́jú àkọsílẹ̀ pépà.
5. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ORCID. Nọ́ńbà 16 ni, ọ̀fẹ́ ni, kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ yín dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.
6. Ẹ fi àkójọ iṣẹ́ yín sí ibi mẹ́ta: kọ̀ǹpútà, fúláàṣì àti íntánẹ́ẹ̀tì. Olè tó gbé kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ló gbé.
7. Tí ẹ bá parí, ẹ fún ilé ìkàwé ní ẹ̀dà tiyín. Ẹni tí yóò wá wọn odò yẹn ní ogójì ọdún sí i ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ibà tó ń pa ọmọdé, ẹja tó ń kú nínú táǹkì, ẹ̀gẹ́ tó ń rà lóko àti àgbo tí ìyá àgbà ń sè wà nínú rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá tún ṣe ohun tí ẹnìkan ti ṣe tán nítorí pé kò rí pépà kà, owó òbí rẹ̀ ló ṣòfò, àwọn tó ń dúró de ìdáhùn ló sì ń jìyà rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ẹnìkan tó ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́, kó fi àlàyé yìí ránṣẹ́ sí i kí dátà rẹ̀ tó tán.